Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Ènìyàn Sanra?

Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ni kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi sọ́kàn bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí pé ìjà ni mo gbé wá lónìí, n kò gbé àwàdà wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní Ojú Òré ní Ọ̀tà, obìnrin kan fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Àgbárá. Obìnrin náà ti lé ní ogójì ọdún, ó sì sanra. Kọ̀ndọ́ na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá ọ̀rọ̀bọ̀, owó èèyàn méjì lẹ máa san o, torí ìjókòó méjì lẹ máa gbà." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wọn rín in, ó san owó ẹni méjì, ó jókòó, ó wá kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Àtan. Èmi náà wà nínú ọkọ̀ yẹn. N kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò la ẹnu mi sọ nǹkan kan. Gbèsè ọjọ́ yẹn ni mo ń san lónìí.

Aládùúgbò mi ni obìnrin náà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, orúnkún ń dùn ún, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ndọ́ ló bí mi nínú jù. Ọmọdé ni kọ̀ndọ́, ohun tó gbọ́ nílé ló ń sọ lóde. Ohun tó bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ káàdì.

Káàdì wo? Káàdì ìdójútòfò ìlera ni. Oṣooṣù ni ilé iṣẹ́ ń yọ owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ obìnrin yìí. Bí ibà bá ṣe é, káàdì á san án. Bí ọmọ rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ gún ìṣó, káàdì á san án. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pe dókítà orí fóònù, nítorí káàdì náà fàyè gba èyí. Dókítà bi í pé báwo ló ṣe ga tó, kílò mélòó ló wọ̀n. Obìnrin náà kò ní òṣùwọ̀n nílé, ó kàn fojú díwọ̀n ni. Dókítà ṣe ìṣírò, ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí ó máa ń jẹ́ kí ara fúyẹ́, ó tẹ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò bi í bóyá ìdílé wọn ní àrùn kankan, kò sọ ìgbà tí yóò tún gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí ó mú orúkọ oògùn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni káàdì, èsì tí wọ́n fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: ọ̀rọ̀ ẹwà nìyẹn, àwọn kì í san owó ẹwà.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀jẹ̀ ríru di ẹwà. Orúnkún tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ mọ́ di ẹwà. Ṣé tìróò ló fẹ́ lé ni, àbí ó ní kí wọ́n wá fi làálì sí òun lẹ́sẹ̀?

Ẹni tí ebi bá ń pa, bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ ọn, yóò gba ti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ìpara ní Sàngó sọ fún un pé òun ní abẹ́rẹ́ náà, Èkó ni òun ti gbé e wá. Nínú ọ̀rá dúdú ló wà, láàárín oòrùn, láìsí yìnyín. Ìdajì owó oṣù ló fi rà á. Ó gbé e wá bá mi pé kí n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sí i, nítorí oníwèé ìròyìn ni mí. Mo wò ó: nọ́ńbà tó wà lára páálí kò bá èyí tó wà lára abẹ́rẹ́ mu. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gún un. Ó wò mí tìbínú-tìbínú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, dókítà ní kí n gún un, káàdì ní òun ò san, ẹ̀yin náà ní kí n má gún un. Kí ni kí n wá ṣe?"

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo ti lọ wá a. Òun nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwa fúnra wa, kí n tó dé orí àwọn oníkáàdì. Àwa la kọ́kọ́ jẹ̀bi. Bí ọmọ wa bá lọ sí Èkó tó padà wálé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, a ó ní, "Ara rẹ mà yọ o, o ti ń rí jẹ!" Bí ọkùnrin bá yọ ikùn, a ní ikùn ọlá ni. Bí ìyàwó tuntun kò bá tíì sanra lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé bóyá ọmọ òun kò bọ́ ọ dáadáa. Bí ẹni tó sanra bá wá rù pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ dé! Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọn ó máa sọ ọ́ pé àrùn tí kò gbóògùn ló kọlù ú. Àwa yìí kan náà la ó tún dé inú bọ́ọ̀sì, tí a ó sọ pé kí ó san owó ẹni méjì. A yìn ín títí ó fi sanra, ó sanra tán, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èwo ni kí ó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ wa?

Oògùn wo gan-an ni a ń sọ? Bí a bá jẹun, ìfun wa máa ń tú ohun kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní GLP-1. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó gẹ́ẹ́, òun ló ń mú kí ara tú ínsúlínì sílẹ̀ láti kápá ṣúgà, òun ló sì ń mú kí oúnjẹ pẹ́ díẹ̀ nínú ikùn. Èyí tí ara wa ń ṣe kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ó tó parẹ́. Ilé iṣẹ́ Novo Nordisk ní Dẹ́ńmáàkì ṣe èyí tó jọ ọ́, tó lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ara, orúkọ rẹ̀ ni semaglutide. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ìparí ọdún 2017 fún ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n pè é ní Ozempic. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n fọwọ́ sí èyí tí agbára rẹ̀ jù ú lọ fún ìsanrajù, wọ́n pè é ní Wegovy. Eli Lilly ti Amẹ́ríkà náà gbé tiwọn jáde ní 2022, Mounjaro ni wọ́n ń pè é.

Wọ́n dán Wegovy wò lára ènìyàn 1,961 fún ọ̀sẹ̀ 68. Nínú àwọn tó gún un, bí ẹni kan bá wọ̀n 100 kílò, nǹkan bí kílò 15 ló bọ́ lára rẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba. Kì í ṣe idán. Ó máa ń rín àwọn mìíràn lára, ó ń bì wọ́n, àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn án rárá, bí aboyún. Ẹni tó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, púpọ̀ nínú ohun tó bọ́ lára rẹ̀ á padà wá láàárín ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ó jẹ́ oògùn inú ọ̀rá dúdú.

Ẹ wá wo nǹkan mìíràn. Nínú àwọn 1,961 tí wọ́n fi dán an wò yẹn, aláwọ̀ dúdú kò ju nǹkan bí ẹni 6 nínú 100 lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdajì ni ìwọ̀n wọn dé ibi tí wọ́n ń pè ní ìsanrajù. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ jù kọ́ ni wọ́n pè wá síbi tí wọ́n ti ń wo bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ìṣírò tí dókítà orí fóònù ṣe ńkọ́? Ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Adolphe Quetelet, tí kì í ṣe dókítà, ló gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Àwọn ará Yúróòpù ló fi ń ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n á mú kílò ènìyàn, wọ́n á fi gíga rẹ̀ pín in lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá pé 30, ó ti sanra jù. Kò bèèrè ibi tí ọ̀rá wà, kò mọ̀ bóyá iṣan ni, kò mọ̀ bóyá inú ikùn ni ó kó sí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà fúnra wọn jẹ́wọ́ pé ìṣírò yìí kò tó láti dá lò, pé wọ́n sì ti fi ya àwọn ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ rí. Ní Ìlú Ọba, nígbà tí NHS bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní Mounjaro ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, 40 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ní àìsàn mẹ́rin lára àwọn tí wọ́n kà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọmọ Áfíríkà, ọmọ Kàríbíánì àti ará Éṣíà, wọ́n yọ 2.5 kúrò, ó di 37.5, nítorí wọ́n mọ̀ pé àìsàn máa ń tètè dé bá wa kí ìwọ̀n wa tó ga tó ti àwọn òyìnbó. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ti ń jẹ àǹfààní ìmọ̀ yẹn. Ṣé èyí tó wà ní Sàngó kì í ṣe ọmọ baba kan náà ni?

Ní ti dókítà orí fóònù, n kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ó ṣe rí láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí a wọ ọkọ̀ méjì, kí a tò láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán kí dókítà tó dá ènìyàn lóhùn, yóò mọ̀ pé fóònù ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n fóònù kò ní ọwọ́ tí ó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apoògùn ní Ìlú Ọba pàṣẹ pé ẹni tó ń ta irú abẹ́rẹ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ gba ohun tí aláìsàn kọ sílẹ̀ gbọ́ lásán. Ó gbọ́dọ̀ fi ojú rẹ̀ rí i, tàbí kó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀, pé ìwọ̀n yẹn jẹ́ òótọ́. Bí àwọn tó ní òṣùwọ̀n nílé bá nílò irú òfin bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń fojú díwọ̀n ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá dojú kọ àwọn oníkáàdì. Ọ̀rọ̀ ẹwà, ẹ ní? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi irú oògùn wọ̀nyí sínú ìwé àwọn oògùn tí kò yẹ kí ìlú kan ṣaláìní, fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín tó sì tún sanra jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n gbé ìlànà jáde lórí lílo wọn fún ìsanrajù, wọ́n sì pè é ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ṣé ìwé ẹwà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kọ ni?

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀yin ń san owó ibà, ẹ fi èyí tó ń bọ̀ wá pa ènìyàn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá gbé obìnrin yìí dè, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀, iye tí ẹ ó san á ju ti òní lọ; bí ó bá sì ju ibi tí káàdì yín mọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò ta ilẹ̀ bàbá wọn láti san èyí tó kù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé tiwa nìkan ló burú. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2003 ló kà á léèwọ̀ fún Medicare, ìdójútòfò àwọn arúgbó, láti san owó oògùn tó wà fún dídín ara kù. Ó di oṣù Kẹta ọdún 2024 kí wọ́n tó gbà láti san Wegovy fún ẹni tó ní àrùn ọkàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìdójútòfò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní North Carolina ní òun kò lè san án mọ́ fún ìsanrajù, nítorí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí Wegovy jáde, 1,349 dọ́là ni wọ́n kọ sí i lóṣù. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà lásìkò yìí, ó ju owó oṣù ogún lọ fún ẹni tó ń gba 70,000 náírà, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní 2024. Owó náà ti wálẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì wálẹ̀ dé Sàngó.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan láti ọ̀nà jíjìn: "Kí ó dín oúnjẹ kù! Kí ó máa rìn!" Ó dára. Ẹ wá bá mi ká lọ sí ojú ọ̀nà Ìdírókò ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ fi ibi tí ènìyàn lè rìn sí hàn mí láàárín ọkọ̀ àjàgbé àti kòtò. Obìnrin yìí ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Wákàtí méjìlá ló fi ń jókòó ti ẹ̀rọ. Búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń jẹ lọ́sàn-án, nítorí òun ló wà lẹ́nu géètì, òun ló sì yá jù. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń jẹ ẹ̀bà. Mo gbà pé kí ó dín ẹ̀bà kù. Ta ni yóò bá a dín wákàtí iṣẹ́ kù?

Ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo ju èyí lọ: pé nígbà tí ibà ṣì ń pa ọmọdé, tí àwọn mìíràn kò rí ínsúlínì rà, kí la fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ọlọ́lá ṣe? Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìwádìí NDHS ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú obìnrin 100 tí wọ́n wà láàárín ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, 97 ni kò ní ìdójútòfò ìlera kankan. Lóòótọ́, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin NHIA tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n dandan orí ìwé kì í wo ibà. Ní 2024, Novo Nordisk yìí kan náà dáwọ́ títa ínsúlínì tó wà nínú gègé dúró fún ìjọba Gúúsù Áfíríkà. Ojú wa là sí i pé ibi tí owó bá wà ni oògùn ń lọ.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í ra abẹ́rẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ aṣọ ìgbéyàwó lọ́la. Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ "ẹwà" rẹ́ kúrò nínú ìwé wọn, kí wọ́n kọ àìsàn síbẹ̀. Kí wọ́n san owó òṣùwọ̀n, owó títẹ́ ẹ̀jẹ̀ wò, owó àyẹ̀wò ṣúgà, àti ti ẹni tí yóò kọ́ aláìsàn ní oúnjẹ tí òṣìṣẹ́ lè rí jẹ.  Bí ó bá wá kan abẹ́rẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn ọkàn ti wà lára wọn. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ọ̀tà àti Àgbárá, tó ń bá àwọn oníkáàdì dúnàádúrà nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, bèèrè eléyìí kí wọ́n tó tún ọwọ́ bọ̀wé. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńkọ́, ṣé owó oṣù nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n jà fún?

Ẹyọ kan ṣì kù. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GSK, tó ti pẹ́ ní Àgbárá, kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, owó oògùn ikọ́ fée sì fò sókè débi pé ọ̀pọ̀ kò rí i rà mọ́. Ṣùgbọ́n Fidson àti àwọn mìíràn ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó. Ọdún 2026 ni ọdún tí ẹ̀tọ́ Novo Nordisk lórí semaglutide wà láti parí ní Íńdíà, àwọn ará Íńdíà sì ti múra sílẹ̀ láti máa ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. Kí ló dé tí àwa kò lè múra pẹ̀lú wọn? Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rá dúdú ni yóò máa bá wa ṣe é. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa ayédèrú Ozempic tí wọ́n rí ní Bùràsílì, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Bí ó bá lè wọ ibẹ̀ yẹn, ta ni yóò dá a dúró ní ọjà Sàngó? Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ má ra oògùn tí kò sí nínú fìríìjì, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe apoògùn.

Obìnrin náà kò gún abẹ́rẹ́ yẹn. Ó kó o padà fún ẹni tó tà á, wọn kò sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a jọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀tà, ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n yọ owó ọjọ́ náà nínú owó rẹ̀. Wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n gbà á ní ìmọ̀ràn, wọ́n sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí agbára rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Àpò ara rẹ̀ ló fi san án. Káàdì wà lọ́rùn rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, kọ̀ndọ́ mìíràn tún la ẹnu pé owó èèyàn méjì ni. Mo ní, "Ẹnì kan ṣoṣo ni, owó ẹnì kan la ó sì san." Ọkọ̀ dákẹ́. Ìyá arúgbó kan láti ẹ̀yìn ní, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀." A san owó ẹnì kan, ọkọ̀ sì gbéra.